Ẹni Tó Jẹ́ Kí Fíìmù Jóná Ni Wọ́n Pàtẹ́wọ́ Fún

Fíìmù kan jóná lójú èrò tó kún gbọ̀ngàn ní Downtown Atlanta, àwọn èèyàn sì dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọn ò sá. Wọn ò pariwo. Wọ́n rò pé ara ìtàn ni. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà ni Gbóyèga, tí èmi àti ẹ̀ jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà n'Íbàdàn. Èmi Tóba tí mo ń kọ èyí, iṣẹ́ kí n máa fi ẹ̀rọ gbé sinimá sójú aṣọ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Fíìmù kankan ò jóná lọ́wọ́ mi rí. Ẹnikẹ́ni ò sì pàtẹ́wọ́ fún mi rí.

Mo ti fẹ̀yìn tì. Ellenwood ni mo ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin, Tèmi. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi, torí wọ́n ń ro irú iṣẹ́ tí àwọn máa yàn. Nọ́ọ̀sì pọ̀ nínú ìjọ wa, accountant pọ̀, àwọn oníkọ̀ǹpútà ò lóǹkà. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí ọ̀kan nínú wọn fi nawọ́ sókè.

"Uncle, no offence o. Ṣé iṣẹ́ gidi ni, àbí ẹ kàn ń tẹ bọ́tìnnì?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo délé, mo jókòó kọ èyí.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi mọ ẹnì kan tó mọ Ọ̀gá Súfíánù, tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní gbọ̀ngàn sinimá kan n'Íbàdàn. Ó mú mi lọ, wọ́n gbà mí. Owó tí wọ́n ń san kò tó ohun tí à ń sọ.

Ọ̀gá Súfíánù kúrú, ó gbẹ, kò sì fẹ́ ariwo. Ẹ̀rọ méjì ló wà nínú yàrá ẹ̀rọ, kò sì jẹ́ ká fọwọ́ kan èyíkéyìí. Ìgbálẹ̀ ni a kọ́kọ́ mú, torí eruku tó bá wọ ẹnu ẹ̀rọ á fa ìlà sára fíìmù, ìlà náà kò sì ní lọ mọ́ láé. Lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ló kan yíyí fíìmù padà sẹ́yìn. Wàá fi ọwọ́ ọ̀tún yí i, wàá fi ìka ọwọ́ òsì di etí rẹ̀ mú bó ṣe ń kọjá, kí o lè mọ ibi tí àwọn ihò wẹ́wẹ́ etí rẹ̀, tí ẹ̀rọ fi ń fà á, ti ya.

"Dijú," ni Ọ̀gá máa ń wí. "Tó o bá ń wò ó, wàá kàn rò pé o ti rí i ni."

Lọ́jọ́ kan, Gbóyèga jẹ àkàrà tán, kò fọwọ́, ó sì di fíìmù mú. Ọ̀gá kò lù ú. Ó tú gbogbo fíìmù náà sílẹ̀, ó fi aṣọ funfun nù ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níṣojú wa, kò sì bá Gbóyèga sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rò pé wọ́n máa lé e lọ. Inú mi dùn gan-an. Wọn ò lé e.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé àwọn sinimá Jámánì. Àwọn ará Jámánì kan tó ń kọ́ èèyàn ní èdè wọn nílùú máa ń kó fíìmù àtijọ́ wá fún wa lọ́sàn-án Sátidé. Sinimá aláìfọhùn ni wọ́n, dúdú àti funfun, ọ̀rọ̀ ìhùmọ̀ ni gbogbo wọn sì dá lé. Ọkùnrin kan ṣe ẹ̀rọ tó ń mu mànàmáná bí ẹni mu omi. Òmíràn ṣe èyí tó ń fa òtútù jáde nínú òkun kí ọkọ̀ lè ráyè kọjá. Òmíràn rọ agogo ràgàjì kan tó jẹ́ pé bó bá ti dún, gbogbo ẹ̀rọ ìlú á dákẹ́.

Páálí ni wọ́n fi gé àwọn ilé gíga tó wà nínú rẹ̀. Tó o bá wò ó dáadáa, wàá rí ibi tí gọ́ọ̀mù ti yọ. Igò á máa hó lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni ò ní sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ máa ń ga ju ẹni tó ń fà á lọ. Olùhùmọ̀ á wọ aṣọ funfun, irun ẹ̀ á dìde, á yọ ojú sóde bí ẹni rí iwin, kò sì ní jẹun kan títí sinimá á fi parí. Àwọn tó ṣe é fẹ́ fi bí ọ̀la ṣe máa rí hàn wá. Wọ́n ṣe tẹlifóònù tó tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ṣe ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n ti ń jó ijó òyìnbó nínú ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tó rí bí wọ́n ṣe rò ó, síbẹ̀ wọ́n fi gbogbo ara gbà á gbọ́, ìdí nìyẹn tó fi dùn-ún wò. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣàṣìṣe pẹ̀lú ìdánilójú tó bẹ́ẹ̀.

Èrò ìsàlẹ̀ ò sì dákẹ́. "Ẹ sọ fún un kó má fà á o!" Ìyá kan tó máa ń jókòó síwájú á ní, "Kí ìyàwó ẹ̀ gbé oúnjẹ fún un ná, bóyá ara ẹ̀ á balẹ̀!"

Nínú gbogbo sinimá yẹn, ẹnì kan á wà tó máa dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Igbákejì olùhùmọ̀ ni. Ó mọṣẹ́ tó ọ̀gá ẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò ní dárúkọ ẹ̀. Wọ́n á fi tìróò kun ojú ẹ̀ dúdú kí a lè mọ̀ pé owú ń pa á, á wá yọ́ wọlé lọ ba ẹ̀rọ jẹ́. Gbogbo gbọ̀ngàn á máa hó lé e lórí. Èmi nìkan ni mi ò jẹ́ hó. Mo mọ ohun tó ń ṣe é.

Sinimá aláìfọhùn ní àrékérekè tirẹ̀. Láyé tí wọ́n yà á, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà, kò sì yára tó ti òde òní. Tó o bá fi eré òde òní gbé e, gbogbo èèyàn á máa sá kiri bí adìyẹ. O ní láti dín eré ẹ̀rọ kù, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún ẹ bó ṣe yẹ kó mọ.

"Má wo ojú wọn," ni Ọ̀gá kọ́ wa. "Orúnkún ni kó o wò. Tó bá ń tẹ̀ bíi ti ẹni tó ń lọ sílé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó dáa. Tó bá ń ta bíi tata, dín in kù sí i. Ṣùgbọ́n tó o bá ti dín eré, kó o dín iná. Fíìmù tó ń rọra lọ máa ń pẹ́ níwájú iná, iná ò sì ní mọ̀ pé eré lò ń ṣe."

Ọjọ́ tó máa fún ọ̀kan nínú wa ní ẹ̀rọ fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ti fọwọ́, mo ti gé èékánná. Ọ̀gá wọlé, ó ní, "Gbóyèga, ìwọ lo máa gbé tòní."

Mi ò lè pa á mọ́ra. "Ọ̀gá, èmi ńkọ́? Mi ò tíì ba nǹkan kan jẹ́ rí."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rọ ni ìwọ ń wò. Gbóyèga máa ń gbọ́ ohun tí èrò ń ṣe. Tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, á dúró dè wọ́n."

Mo ti di bàbá àgbà, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń gbóná láyà mi.

Gbóyèga ló kọ́kọ́ dé Atlanta. Ó ríṣẹ́ sí gbọ̀ngàn sinimá yunifásítì kan ní Downtown. Èmi dé lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n fi mí sí sinimá inú mall. Wọ́n ti lẹ gbogbo fíìmù pọ̀ sórí àwo irin ńlá kan tó tẹ́ bíi tábìlì, ó ń yí fúnra ẹ̀. Màá tan ti gbọ̀ngàn kan, màá sáré lọ tan ti òmíràn, mi ò sì ní mọ bí ìtàn ọ̀kankan ṣe parí. Ní Sunday, Gbóyèga á dì mọ́ mi ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Tóba, wọ́n ń tẹ duru sí i o! Sinimá Jámánì, bíi tilé! Màá máa wo ọwọ́ ọmọ tó ń tẹ duru, òun náà á máa wo aṣọ, a jọ ń lọ ni!"

"Ó dáa," ni mo máa ń sọ. Màá wá ṣí ìwé orin mi.

Nígbà tí yunifásítì yẹn wá ẹnì kejì, Gbóyèga ló dárúkọ mi, wọ́n sì gbà mí. Ìyẹn gan-an tún dùn mí.

Ọjọ́ tí iná ṣẹlẹ̀, èmi kọ́ ni mo ní shift. Mo jókòó sísàlẹ̀ láàárín èrò, Sister Fúnkẹ́, nọ́ọ̀sì kan ní ìjọ wa, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Sinimá ẹlẹ́rọ mànàmáná yẹn ni. Fíìmù náà ti gbó, ó ṣókùnkùn, Gbóyèga sì ti ṣí iná ẹ̀rọ sílẹ̀ pátápátá kí àwòrán lè mọ́lẹ̀. Ó wá kan ibi tí olùhùmọ̀ ti di ọwọ́ irin mú, tí ìyàwó ẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ pé kó má fà á. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí ìró ẹ̀rọ rọ̀ lókè. Mo mọ̀ pé Gbóyèga ń dúró dè wọ́n.

Ihò etí fíìmù kan tó ti ya ló há. Àwòrán dúró gbagidi. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú yọ lára ọwọ́ irin, ó hó, ihò funfun kan sì là láàárín ẹ̀. Ihò yẹn jẹ ọwọ́ irin, ó jẹ ìka ọkùnrin náà, ó jẹ aṣọ funfun, ó dé ojú ẹ̀. Aṣọ wá funfun báláú, tí ojú kò ṣe é là. Ọmọ tó ń tẹ duru kò dúró, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé àrá ń sán. Gbogbo èèyàn bá dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Mo bi Sister Fúnkẹ́ léèrè nígbà tó yá pé kí ló rí. "Uncle, mo rò pé àwọn ará Jámánì ló ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, ah, àwọn èèyàn yìí mọ nǹkan! Ara mi bù máṣọ."

Denise, tó jẹ́ ọ̀gá gbọ̀ngàn náà, sáré gun òkè lọ sí yàrá ẹ̀rọ. Mo ti wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Gbóyèga. Obìnrin náà dì mọ́ ọn. Ó ní òun ò rí ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Ìwé ìròyìn kan gbé e. Láti ìgbà náà, kò sí àlejò tó wá tí kò ní béèrè pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ jó fíìmù?" Gbóyèga á rẹ́rìn-ín, á ní, "Èmi ni o."

Nígbà tó ku àwa méjì, mo dojú kọ ọ́. "Gbóyèga, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo dín eré. Mi ò rántí dín iná."

"O ò wá sọ fún wọn?"

"Ta ló bi mí?"

Èmi ni mo tún fíìmù náà ṣe. Mo gé ibi tó jóná kúrò, mo fi abẹ ha etí méjèèjì, mo lẹ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ irin á wà lókè, kí o tó ṣẹ́jú ó ti wà nílẹ̀. Àwọn tó ni fíìmù náà ní Jámánì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó dáa, wọ́n fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ yunifásítì. Kò sí ìwé ìròyìn tó gbé ìyẹn.

Irinṣẹ́ ń yí padà ní gbogbo àsìkò yìí. Iná tí a fi bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, ọ̀pá èédú méjì ni, a ó máa sún wọn mọ́ra bí wọ́n ṣe ń jó tán. Ní Atlanta, gílóòbù ńlá ló rọ́pò ẹ̀, ó sì lè bú gbàmù, torí náà a máa ń dáàbò bo ojú ká tó pààrọ̀ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àpótí kékeré kan dé. Wọ́n á kó sinimá sínú ẹ̀, wàá kì í bọ ẹ̀rọ, wàá tẹ aago tó máa bẹ̀rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ bóyá o wà níbẹ̀ o, bóyá o ti lọ ra oúnjẹ o. Kò béèrè ìka ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fi àpótí náà gbé sinimá ẹlẹ́rọ mànàmáná. Wọ́n ti fọ gbogbo ìlà kúrò lára ẹ̀, orúnkún gbogbo èèyàn sì ń tẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo jowú àpótí.

Mo mọ ohun tí pásítọ̀ wa máa ń sọ nípa ìlara, mi ò sì ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ bi mí léèrè, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń fọwọ́ kí n tó di fíìmù mú, Gbóyèga ni mò ń rò. Gbogbo ìgbà tí mo bá yẹ ihò etí fíìmù wò lẹ́ẹ̀kejì, Gbóyèga ni. Ẹ wá iṣẹ́ tí ẹlòmíràn máa ṣe lójú yín tí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó dáadáa. Tí ẹlòmíràn bá ń ṣe é tí kò dùn yín rárá, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Àwa méjèèjì ti fẹ̀yìn tì nígbà tí ìròyìn dé pé yunifásítì fẹ́ yọ àwọn ẹ̀rọ fíìmù kúrò pátápátá. Wọ́n máa gbé sinimá kan ṣoṣo kẹ́yìn, wọ́n sì mú ẹlẹ́rọ mànàmáná. Denise pe Gbóyèga. Kò pè mí. Tèmi ló rí i lórí fóònù ẹ̀.

"Daddy, Uncle Gbóyèga ló máa gbé last show. Wọ́n ní òun ni man of the fire."

Mi ò jẹun. Mo ní kó fi mọ́tò gbé mi lọ sí Union City, níbi tí Gbóyèga ń gbé. Ìyàwó ẹ̀, Ìyá Bùsáyọ̀, ló ṣílẹ̀kùn.

"Bàbá Tèmi, ẹ káàbọ̀ sà. Ṣé kò sí o?"

"Nǹkan wà."

Gbóyèga wà lórí àga, ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n débi pé imú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Tóba! O ti gbọ́?"

"Mo ti gbọ́. Èmi ló yẹ kí n gbé e."

"Kí ló dé? Èmi ni wọ́n pè."

"Ìwọ lo gbé tàkọ́kọ́ n'Íbàdàn. Ìwọ lo gbé èyí tó jóná. Ìwọ tún lo fẹ́ gbé tìkẹyìn. Kí wá ni tèmi, Gbóyèga? Gọ́ọ̀mù?"

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Mo bi í ní ohun tó gbé mi wá. "Ṣé o ṣì ń rí àmì?"

Àmì róbótó kékeré kan ló máa ń yọ ní igun òkè àwòrán tí fíìmù orí ẹ̀rọ kan bá fẹ́ tán. Tó o bá ti rí i, wàá tan ẹ̀rọ kejì. Kì í pẹ́. Tó o bá ṣẹ́jú, ó ti lọ, aṣọ á sì funfun lójú gbogbo èèyàn.

"Mo mọ sinimá yẹn lórí," ni Gbóyèga wí. "Mi ò nílò àmì."

Ìyá Bùsáyọ̀ gbé omi wá. Kò tíì gbé e kalẹ̀ tó fi dá sí i. "Bàbá Bùsáyọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ò rí nọ́ńbà ara ilé mọ́, dọ́kítà ní kẹ́ ẹ wá ṣe ojú, ẹ ò lọ. Àmì wo lẹ fẹ́ rí?"

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin náà lẹ bú mílíìkì sínú ọbẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Gbóyèga gba omi náà lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀. Ó wá yíjú sí mi. "Tóba, jẹ́ ká jọ wọlé. Ìwọ fi ọwọ́ sí i, èmi á fi orúkọ sí i."

"Rárá."

"O le o."

"Mo ti fi ọwọ́ sí i láìsí orúkọ tẹ́lẹ̀. Ó ti tó."

Ó fọwọ́ nu ojú, ó mú fóònù, ó ní kí ìyàwó òun bá òun wá nọ́ńbà Denise. Ó gbé e sórí speaker kí n lè gbọ́. Ó sọ fún un lédè òyìnbó pé ojú òun kò jẹ́ kí òun lè ṣe é, kó mú Tóba. "Kò jó nǹkan kan rí láyé ẹ̀," ló wí. "Ohun tó ń ṣe é gan-an nìyẹn."

Báyìí ni mo ṣe wọ yàrá ẹ̀rọ. Gbọ̀ngàn kún. Denise dúró níwájú aṣọ, ó sọ ìtàn iná fún wọn, ó ní kí Gbóyèga dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un kí n tó tan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni iná gbọ̀ngàn kú.

Mo gbé e dáadáa. Mi ò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ èké bò ó. Orúnkún wọn ń tẹ̀ bó ṣe yẹ, mo rí gbogbo àmì, mo sì yí láti orí ẹ̀rọ kan sí èkejì láìsí pé àwòrán ta. Nígbà tó kan ibi ọwọ́ irin, ẹ̀rín sọ nísàlẹ̀. Mo dín iná kù. Mo wá dín eré, mo dúró dè wọ́n, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ọwọ́ irin wà lókè, ó wá sílẹ̀, mànàmáná kọ, ìtàn ń lọ.

Mo gbọ́ nǹkan kan láti ìsàlẹ̀. Ó jọ èémí tí èèyàn púpọ̀ jọ mí sóde. Ọ̀dọ́ kan ní, "That's it?"

Sister Fúnkẹ́ sọ òótọ́ fún mi lẹ́yìn náà. "Uncle, ẹ má bínú o. Gbogbo wa la ń retí iná."

Nígbà tí gbọ̀ngàn ń tú, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Gbóyèga ni, ó ń tọ ògiri bọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Tóba, mi ò mọ ìgbà tí o yí sórí ẹ̀rọ kejì. Mo ń dúró dè é, mi ò mọ̀ ọ́n."

Nínú iṣẹ́ wa, kò sí ọ̀rọ̀ tó ju ìyẹn lọ tí ẹnì kan lè sọ fún ẹnì kejì. Ó dùn mọ́ mi nínú. Kò tíì tán lẹ́nu ẹ̀ táwọn ọmọ yunifásítì méjì fi gòkè wá tẹ̀ lé e pé àwọn fẹ́ yà á ní fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Èmi ni wọ́n gbé kámẹ́rà fún.

Mo bá Denise sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní tí ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé bá ti parí, wọ́n máa yọ ẹ̀rọ méjèèjì. Fíìmù máa padà sí Jámánì, wọ́n á gbé e sínú yàrá òtútù, wọn ò sì ní fi ẹ̀rọ gbé e mọ́. Ẹ̀rọ kan máa lọ sí ilé àwọn irin tí wọ́n ń tú palẹ̀. Èkejì máa dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n á gbé pátákó kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó máa sọ ìtàn iná, pẹ̀lú orúkọ Gbóyèga. Mo bi í bóyá wọ́n lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnì kan gbé fíìmù kan náà tí kò jóná. Ó ní pátákó náà kò fẹ̀, ṣùgbọ́n òun máa gbé e síwájú ìgbìmọ̀ wọn. Ìgbìmọ̀ máa jókòó lẹ́yìn ìsinmi. Ó ní kí n má retí ju ìlà kan lọ.